Dígí Tí Wọ́n Fi Sójú Ọkọ Mi

Iwájú ọjà Tchatchou ni bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù ti bẹ́ mọ́ ọkọ mi lójú. Ó tẹrí mọ́ ọn, ó fẹ́ dè é le, ni omi inú rẹ̀ bá fọ́n sí i lójú méjèèjì. Àwọn obìnrin tó ń ta iṣu létí títì sáré gbé garawa wá, wọ́n ń da omi lé e lórí, wọ́n ń sunkún. Ojú ọ̀tún fọ́ pátápátá. Ti òsì là á já, ṣùgbọ́n awọ dídán tó bo iwájú rẹ̀ dàpá, ó wá rí wúruwùru bí ọ̀rá tí iná kàn.

Síbẹ̀, ojú kan yẹn ló fi ń wa ọkọ̀. Ìgbà ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Rẹfolúsíọ̀n ni, òwú ìjọba ló ń kó láti Bétérou lọ sí Párákù, gbogbo ayé sì ń pè é ní kàmáráàdì. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju oúnjẹ lọ. Nígbà tó yá, funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọmọlójú rẹ̀. Ó fi í pamọ́ fún mi. Ọjọ́ tó wa ọkọ̀ gun ebè iṣu ẹni ẹlẹ́ni ní Sanson, òun fúnra rẹ̀ ló lọ fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dé ilé, ó jókòó sábẹ́ igi kajú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tí mò ń fà lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ń dá oko ṣe, mo ń dá ọmọ tọ́. Tí ọkọ̀ bá ń kọjá, á gbórí sókè, á sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti bí ẹrù rẹ̀ ṣe wúwo tó, ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ọdún mélòó kan kọjá kí a tó gbọ́ pé dókítà ojú kan, òyìnbó, wà ní ilé-ìwòsàn kan ní Párákù, pé ó ń yọ funfun náà kúrò, ó sì ń fi dígí tí kò tóbi ju kóró ẹ̀gúsí lọ rọ́pò rẹ̀ nínú ẹyinjú. A lọ. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọbìnrin Ṣábẹ̀, ló ń túmọ̀ Faransé fún wa; tata, ìyẹn àǹtí, ló ń pè mí, ó sì ń pe ọkọ mi ní tonton.

Dókítà ní kí ọkọ mi gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan. Ó yọjú wò ó, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí èmi náà wá wò. Ojú nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ fi hàn mí: òrùka ìmọ́lẹ̀ kan hàn lórí ẹyinjú rẹ̀, ó rí rogodo bí ẹnu igbá. Ọkọ mi wá jókòó síbẹ̀. Òrùka tirẹ̀ ti wọ́, ó já níbí, ó dì pọ̀ lọ́hùn-ún, bí òṣùpá nínú omi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Tata, òrùka yìí ni dókítà fi ń mọ bí iwájú ojú ṣe tẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ ló fi ń ṣírò agbára dígí tó máa fi sí i. Ti tonton, bó bá ṣe wọ̀n ọ́n, ibi ọ̀tọ̀ ló ń já sí."

Mo ní, "Kò ṣe kúkú wo ti ojú kejì?"

"Ojú kejì ì bá ràn án lọ́wọ́, tata, àmọ́ ó ti kú."

Dókítà sọ̀rọ̀ pẹ́. Nọ́ọ̀sì wá ní, "Ó ní òun á kàn fojú bù ú ni. Bí dígí ò bá lágbára tó, tonton ò ní rí ọ̀ọ́kán dáadáa, ìtòsí á tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù, á rí ìtòsí, ọ̀ọ́kán ni kò ní hàn sí i. Bí òun bá máa ṣì í, apá ìtòsí ni òun fẹ́ ṣì í sí."

Ọkọ mi dáhùn pé, "Bá mi sọ fún un pé ohun tó wà nítòsí, ọwọ́ mi ń rí i. Títì ni mo fẹ́ rí. Awakọ̀ ni mí."

Dókítà gbọ́ ọ, ó gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, ó mi orí. Títì ni kò lè ṣèlérí.

Ọkọ mi yíjú síbi tó rò pé mo wà. "Ìyàwó, kí lo wí?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó ṣe èyí tó bá lè ṣe."

"Ó dáa," ló wí. Ohùn rẹ̀ ò dáa rárá.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú lààlì tó wà lára èékánná mi. Ó fà mí mọ́ra títí imú wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó ń wò mí, ó ń wò mí. Ó ní, "O ti gbó." Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Nígbà tí a bọ́ síta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá lọ níwájú wa gan-an. Ó bi mí bóyá ògiri ni.

Nílé, délégué, ìyẹn aṣojú ìjọba ní abúlé wa, wá kí i. Ó dúró lódìkejì àgbàlá, ó na ìkúùkù sókè, ó ké pé, "Kàmáráàdì, Rẹfolúsíọ̀n ti là ọ́ lójú!" Igi ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni ọkọ mi ń bá rẹ́rìn-ín. Délégué rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

A padà lọ gba awò ojú. Wọ́n dán oríṣiríṣi wò sí i lójú. Ìyàtọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí, nítorí àpá iwájú ojú ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, awò kankan ò lè tún un ṣe. Kò bínú sí dókítà. Ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì fún mi, ó ń fa àwọn ọmọ-ọmọ wa mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo ojú wọn. Àmọ́ kò bèèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́, bí fèrè bá sì dún lójú títì, á wọlé lọ. Nínú ọyẹ́ kan ni ikọ́ mú un, ó sì ti ibẹ̀ kú.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, funfun bo ojú tèmi náà, wọ́n sì ṣe é. Dókítà náà ò tíì pé ogójì ọdún, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ìṣẹ́jú kan ló fi wọ̀n mí tán. Mo bi í pé tó bá jẹ́ ojú tí omi bátìrì ti jó ńkọ́, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tuntun wọ̀nyí. Ó ní wọ́n á sún mọ́ agbára dígí tó yẹ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣì sọ fún aláìsàn pé kò dájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sílé, láti Párákù títí dé Tchaourou, mo ń rí gbogbo ewé igi tó wà létí títì.