Nígbà Tí Ẹ̀rọ Ìlagi Bá Dákẹ́

Títí dòní, bí ẹ̀rọ káfíńtà ẹ̀yìn ilé mi bá dákẹ́ lójijì, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò. Bàbá mi ni mò ń retí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ore, òun ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìlagi. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lọ́sàn-án, a mọ̀ pé ó ti ní kí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Yóò wọlé ti òun ti èérún igi lórí, àwọn èèyàn rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, ìyá mi yóò sì tẹ ẹ̀bà fún gbogbo wọn.

Ìjọba wá fi í ṣe kọmíṣọ́nnà, òun nìkan sì kó lọ sí Àkúrẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ ti dákẹ́ láti àárọ̀, ọkọ̀ dúdú kan ti ọ̀nà ilé ìlagi wá dúró síwájú ilé wa, bàbá mi sì sọ̀ kalẹ̀. Mo sáré dì mọ́ ọn. Òórùn lọ́fíńdà ni mo gbọ́ lára rẹ̀, n ò gbọ́ ti igi.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ tún dá a dúró?"

Ó kàn fọwọ́ pa mí lórí.

Ìyá mi ti tẹ ẹ̀bà ńlá sílẹ̀. "Àwọn èèyàn yín dà?"

"Wọn ò bá mi wá."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé owó epo rọ̀bì ni ìjọba fi ń kọ́lé kiri nígbà náà, pákó ò tó wọn, òun ni wọ́n sì rán wá láti dá àwọn òṣìṣẹ́ tó daṣẹ́ sílẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Òkèlè kejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó dá òkèlè náà padà sínú àwo, ó ní kí n bu omi wá kí òun fọwọ́.