Líṣì Tí Kò Ṣe é Fi Eyín Bó

Bí o bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí Luo Guizhen tó lọ́dún yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni kí o wò. Awọ orí ìka rẹ̀ ń bó, ó sì ń ta á bí ẹni fi ata kùn ún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń di líṣì, èso kékeré eléèpo pupa, sínú àpótí ní Gaozhou, ìlú kan ní Ṣáínà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣe báyìí rí.

Líṣì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Já a láàárọ̀ kí o fi í sílẹ̀ lásán, kí ilẹ̀ tó ṣú, èèpo rẹ̀ tó pupa ti ń ṣe bí èèpo igi. Ìdí nìyí tí Guizhen fi ń já tirẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Á rì í bọ omi yìnyín, á tò ó pẹ̀lú ewé rẹ̀ sínú àpótí fóòmù, á kó yìnyín lé e lórí, á sì lẹ ojú rẹ̀ pa. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn náà, ọjọ́ mélòó kan péré ló fi ń pupa.

Àfi bí Pang, oníṣòwò tó ń kó líṣì lọ sí ìlú ńlá Guangzhou, ṣe gbé oògùn kan dé. Ó ní kí wọ́n máa dà á sínú omi yìnyín, líṣì á pupa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ní fínígà lásán ni. Guizhen gbà á gbọ́, torí ọmọ àdúgbò ni. Ó bá wọn rì líṣì àwọn aládùúgbò bọ̀ ọ́, ọkọ̀ méjì kún, wọ́n sì lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ kẹta kún fún èso igi mẹ́tàlá nínú mẹ́rìnlá tí obìnrin yìí ní. Àpótí kan wà lókè pátápátá tó kọ orúkọ Xiaotong sí, ọmọ ọmọ rẹ̀ ọdún márùn-ún tó wà ní Guangzhou. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rì í bọ oògùn, kí ọmọ lè bá a ní pupa.

Àṣà wọn ni pé kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹni tó ra líṣì gbọ́dọ̀ jẹ ọ̀kan níṣojú àwọn tó dì í. Pang mú ọ̀kan. Ó fi omi inú ìgò fọ̀ ọ́, ó fi áńkáṣíìfù dì í mú, ó wá ń fi èékánná bó o jẹ́jẹ́.

Guizhen tẹjú mọ́ ọn. Eyín ni gbogbo ará Gaozhou fi ń bó líṣì, láti ìgbà tí eyín bá ti hù lẹ́nu wọn.

"Weiqiang," ó pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é. "Látìgbà wo lo ti ń fi áńkáṣíìfù jẹ líṣì?"

"Ọwọ́ mi ló dọ̀tí, Àǹtí."

Guizhen mú òmíràn, ó nà án sí i. "Èyí nìyí. Fi eyín bó o."

"Mo ti yó."

"Ẹyọ kan ṣoṣo? Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn, tó o máa ń jẹ líṣì títí imú rẹ á fi ṣẹ̀jẹ̀?"

Suqin, tí wọ́n jọ ń dì í, bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Guizhen, ó gbé àpótí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló wà nínú oògùn yẹn?"

Pang wolẹ̀. "Ásíìdì ni. Díẹ̀ ni, Àǹtí. Kí ẹnì kan sáà má ti kó o sẹ́nu tèèpo-tèèpo."

Guizhen gun ọkọ̀, ó gbé àpótí Xiaotong sọ̀ kalẹ̀. Ni Pang bá mí kanlẹ̀.

"Ó dáa náà. Ẹ ti mú tiyín. Ẹ jẹ́ kí ìyókù máa lọ."

Ohun tí Guizhen fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, torí àpótí ọmọ ọmọ rẹ̀ nìkan ló ṣe gun ọkọ̀. Ojú tì í. Inú ara rẹ̀ wá ń bí i ju ti Pang lọ.

"Ṣé àwọn tó máa jẹ ìyókù ò léyín lẹ́nu ni?" ó bi í. "Suqin, gbà á níbẹ̀."

Àpótí kan tẹ̀ lé òmíràn títí ọkọ̀ fi ṣófo, wọ́n sì da èso igi mẹ́tàlá sí kòtò. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó já igi tó kù, ó dì í pẹ̀lú yìnyín àti ewé nìkan, ó sì fi àpótí kan ránṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì.

Xiaotong pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kẹta.

"Màmá àgbà, líṣì yín ti dúdú. Kò rẹwà rárá."

"Mo mọ̀. Ṣó o jẹ ẹ́?"

"Mo ti jẹ ẹ́ tán."

"Kí lo fi bó o?"

"Eyín mi ni," ọmọ náà dáhùn.

Guizhen rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ ló rántí ọkọ̀ méjì tó ti lọ, líṣì pupa tó rẹwà, tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ rì bọ oògùn. Kò mọ orúkọ ọmọ kankan tó jẹ ẹ́.