Ìkòkò Omi Tí Ìyá Àgbà Kùn Ní Ọ̀dà

Lánàá, nílé ọmọ mi ní Lẹ́kkí, ọmọ-ọmọ mi gbé ike omi tútù láti inú fíríìjì sórí tábìlì. Kò pẹ́, omi ti yí ìdí ike náà ká. "Màmá, ó ń jò! Àǹtí tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló dá a lu!" Mo ní kò jò, kò gbà, ó gbé e sókè, ó ń wá ojú ihò. Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Àgbà wà lára ọmọ yẹn, mo búra.

Ìyá bàbá mi ni Ìyá Àgbà, ìfura ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀kọ àárọ̀. Ní Ajah ìgbà yẹn, omi kànga wa níyọ̀. Omi dídùn tí a bá rù wá láti ọ̀nà jíjìn, inú ìkòkò amọ̀ ńlá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ là ń dà á sí. Ẹ̀yin ọmọ fíríìjì, ẹ ò lè mọ adùn omi yẹn: ó ń tutù dé eyín, ó sì ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ràbí, ọ̀rẹ́ mi tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja nílé kejì sí wa, kì í kọjá láìmu ife kan.

Ṣùgbọ́n omi náà ń fà. Ìyá Àgbà fi ẹfun fa ìlà sínú ìkòkò lálẹ́. Nígbà tó di àárọ̀, omi ti sọ̀ kalẹ̀. "Olè wà nílé yìí!" Wọ́n wo bàbá mi, wọ́n wo ewúrẹ́, wọ́n wò mí. Bí Ràbí ṣe yọjú báyìí, ó parí. "Ìwọ tí òùngbẹ kì í tán lọ́fun rẹ, má jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi mọ́!" Ràbí sunkún lọ sílé. Inú bí mi débi pé n kò jẹun. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Ràbí kò wá mọ́, omi ṣì ń fà. Ni Ìyá Àgbà bá yí ìfura sí ìkòkò fúnra rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ máa ń rin bí ẹni tó làágùn. Wọ́n tọrọ ọ̀dà lọ́wọ́ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kun ìkòkò láti ọrùn dé ìdí. Lóòótọ́, omi kò kúrò lójú ìlà mọ́. "Mo ti mú un!" Wọ́n ń yangàn káàkiri àgbàlá.

Àfi ìgbà tí wọ́n bu omi mu. Wọ́n tu ú dànù. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.

Ojú kan wà nísàlẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé. Ìyá Àgbà fọwọ́ kàn án: ó rin, ó tutù. Wọ́n fọwọ́ kan ojú ọ̀dà: ó gbẹ, kò tutù rárá. Wọ́n jókòó sílẹ̀. "Háà, omi tó ń jáde yìí ló ń gbé ooru lọ. Òun ló ń mú èyí tó kù tutù. Mo ti pe ọmọ ọlọ́mọ lólè!"

Wọ́n ra ìkòkò mìíràn. Nígbà tí omi rẹ̀ tutù, àwọn fúnra wọn gbé ife kan lọ bá Ràbí nídìí iná ẹja, àgbàlagbà bíi tiwọn, lójú gbogbo àdúgbò. "Ràbí, ọmọ mi, má bínú. Ìkòkò ló ń mu omi, kì í ṣe ìwọ. Gbà, mu."

Ràbí kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gba ife, ó wò ó títí. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣé mà. Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Ó dá ife padà. A tún jọ ṣeré, ṣùgbọ́n kò mu omi nílé wa mọ́ títí òun àti ìyá rẹ̀ fi kó lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ti di ilé alájà. Ooru ò tíì yí ìwà padà, ìfura náà ò sì yí padà. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi kọjú sí ilé ìdáná láti ké pe Àǹtí, mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo nu ike náà gbẹ, mo ní kó máa wò ó. Omi tún yọ lára rẹ̀, láti inú afẹ́fẹ́ lásán, láìsí ihò kankan. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ojú Ràbí lórí ife yẹn ni mo ń rí.