Àdúrà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ṣe Àmín Sí

Mo tọrọ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, ìyá tó bí mi gan-an ò ṣe àmín.

Ẹ mọ̀ pé mo ní àrùn sọráyásìsì, tí awọ ara mi ń pọ́n, tó ń bó bí ìpẹ́ ẹja. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara mi ló le jù, awọ ara mi ni wọ́n kọjú ìjà sí. Iná tí wọ́n ń tàn sí mi lára ní ọsibítù tó wà ní òdìkejì omi ló ń pa lára wọn, tó ń mú kí ìyókù rọlẹ̀.

Ìyá àdúrà wá bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́. Mo ní: "Ẹ bá mi bẹ Olúwa kó sọ àwọn ọmọ ogun ara mi di ọ̀lẹ."

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ìyá àdúrà wá di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ta ló rán ẹ?"

"Dókítà ni, Màmá."

"Dókítà ń pa ọmọ ogun rẹ, ìwọ náà ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá a?"

Ni wọ́n bá yí mi ká, wọ́n gbàdúrà kí ọmọ ogun mi di ìlọ́po méje! Àmín tí ìyá mi ṣe, wọ́n á gbọ́ ọ ní ìlú Ùgbò lọ́hùn-ún.

Ara ti ń yún mi o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń pe àdúrà padà kó tó dé ọ̀run?