Dígí Tí Kò Ta Ẹ̀jẹ̀ Sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí olóògbé onídígí pe gbogbo àdúgbò wá wo dígí tí kò ní fọ́, ó gbé òòlù, ó là á mọ́ àárín dígí náà gbàà! Òòlù ta padà. A pàtẹ́wọ́. Orí bàbá wú. Ó ní kóun gbé dígí náà sílẹ̀ kóun lè tẹrí ba fún wa, ni igun rẹ̀ bá kan sìmẹ́ńtì fẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ sì rún wómúwómú.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá fi ìbínú bu ẹ̀rún rẹ̀ kúnwọ́, ó fún un, ó wá na àtẹ́lẹwọ́ sí wa.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Ẹ̀jẹ̀ dà? Mo ní ẹ̀jẹ̀ dà?"

Ibẹ̀ làwọn ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́ máa ń parí ìtàn náà sí, ó sì ń bí mi nínú gidigidi. Kí ló dé tí wọn kì í sọ ti ìyàwó rẹ̀? Fèrèsé tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ fi dígí sí ni obìnrin náà ń tì nígbà tí afẹ́fẹ́ gbá a padà, tí dígí fọ́, tó sì la apá rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Títí dòní, kò lè fi ọwọ́ yẹn fún aṣọ. Ọjọ́ yẹn ni bàbá búra pé dígí òun ò ní ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́.

Ó mọ ìléru sẹ́yìnkùlé. Ó yan dígí títí ó fi pọ́n, ó da omi lé e, ó bẹ́ gbàù! Ó fi fáànù fẹ́ ẹ lápá kan, ó ká kò bí ewé gbígbẹ. Ìgbà tó fi fáànù sí ọ̀tún àti òsì ló tó gbà.

"Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń le," ó ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀. "Bí inú ṣe wá ń tutù, ó ń sún kì, ó ń fa ojú mọ́ra. Agbára rẹ̀ nìyẹn."

"Bàbá wọn, àwa méjèèjì náà nìyẹn," obìnrin náà dáhùn. "Ojú tiyín le, èmi ń fà yín mọ́ra."

Inú agolo wàrà ló ń kó ẹ̀rún gbogbo èyí tó bàjẹ́ sí. Bí wọ́n bá ní kó dà á nù, á jágbe: "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn mi lẹ fẹ́ dà nù yẹn!"

Nígbà tó ṣe ilẹ̀kùn onídígí sí ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀, ó yan dígí náà tán kó tó rántí wọ̀n ọ́n. Ó tóbi ju àyè lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká rẹ́ etí rẹ̀ díẹ̀," káfíńtà sọ.

"Ẹni tó bá rẹ́ ẹ báyìí, ó rún nìyẹn! Ògiri ni kó o rẹ́!"

Wọ́n rẹ́ ògiri lóòótọ́.

Kò pẹ́ tá a sin bàbá tí ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò irin, tí ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́. Ìkòkò ba etí ilẹ̀kùn yẹn, òun náà sì ṣubú tẹ̀lé e. A gbọ́ ariwo, a sáré wọlé. Ó jókòó sáàárín ẹ̀rún dígí, ó ń yí apá rẹ̀ méjèèjì wò. Àpá àtijọ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó gbójú sókè, inú ń bí i gẹ́gẹ́ bíi ti ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́? Ẹ̀jẹ̀ dà?"

A rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ẹnì kan mú ìgbálẹ̀ wá, obìnrin náà lé e padà. Ó ní ká bá òun wá agolo wàrà. Ọwọ́ lásán la fi ṣa ẹ̀rún náà síbẹ̀, gbogbo wa.