Ẹja Onípanu Létí Omi Bàrígà

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí gbogbo wa fi aṣọ bo imú bo ẹnu ni àbíkẹ́yìn mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, wá bá mi nídìí ààrò tí mo ti ń yan ẹja ní Bàrígà. Ó ní àwọn ti kọ̀wé sí àwọn kan tó ń fowó ran ìwádìí lọ́wọ́, pé kí wọ́n bá àwọn dá ipò kan sílẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kó máa wádìí ohun tó ń lé ẹja kúrò nínú ọ̀sà wa. Iṣẹ́ ọlọ́dún kan ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ọdún bá ti yí, iṣẹ́ bọ́, ìwádìí á dúró gbagidi.

"Màmá, wọ́n ń bọ̀ wá wo etí omi lọ́jọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa fi dá wa lóhùn."

Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Fi sílẹ̀ fún wa."

Ó sì fi sílẹ̀ fún wa lóòótọ́!

Àwa obìnrin ìdí ààrò forí korí. Ẹja tí àwọn ọkùnrin ń pa bọ̀ nígbà náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọ̀rẹ́ mi tí ààrò wa kángun síra ní, "Ṣé abẹ́rẹ́ yìí la fẹ́ fi han àlejò? Wọ́n á ní ebi ń pa wá." Lọ́dọ̀ wa létí òkun ní Oǹdó, àlejò kì í bá awo òfìfo. La bá gba Onípanu lọ, a ra ẹja yìnyín ńláńlá, a tò ó sínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó wuyì!

Àwọn àlejò dé. Ìyá àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ṣáájú wọn. Ó wo agbọ̀n, ó wo ọmọ mi.

"Ẹja pọ̀ tó báyìí, kí lẹ tún fẹ́ wádìí?"

Ojú ọmọ mi rọ bí ewé tí iná rà. Ìyá àgbà náà fọwọ́ tẹ ẹja kan, ó le bí òkúta. Ó yíjú sí mi.

"Ìyá, omi Bàrígà yín yìí mà tutù o!"

Ẹ̀rín pa ọ̀rẹ́ mi, ó sá wọ ẹ̀yìn ààrò. Èmi náà ò mọ ìgbà tí mo ṣí ààrò tí a kó àwọn ẹja wẹ́wẹ́ wa pamọ́ sí. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Onípanu lèyí ti wá. Ẹja ọ̀sà wa nìyí." Mo da àwọn wẹ́wẹ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wò wọ́n títí, ó ní kí wọ́n yàwòrán wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Onípanu. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó bá wa jẹ ẹja yìnyín náà nígbà tí a yan án tán, ó sì lá ọwọ́.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n gbà. Ipò náà wà títí dòní, ọmọ mi ló sì wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ṣì ń fi ẹja Onípanu bú mi. Mo ti wí fún wọn: bí ẹni tó fẹ́ bá yín kan òrùlé bá ń bọ̀, ẹ má sáré gbé bàsíà kúrò lábẹ́ ibi tó ń jò.