Lọ́yà Tó Wá Bá Wa Kẹ́dùn

Lọ́yà tí mò ń sọ yìí kì í pariwo. Bó bá fẹ́ bi èèyàn ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ yọ awò ojú ẹ̀, á fi etí agbádá nù ún, á wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Láyé ológun, gbogbo Táíwò Road ló mọ̀ ọ́n. "Ẹni tó bá ti wọ ọ́fíìsì mi, n ó gbèjà ẹ̀," ló máa ń wí.

Nígbà tí dírẹ́bà kan sá eré àsápajúdé pa ọmọ àbúrò mi obìnrin ní àdúgbò Gàmbàrí, lọ́yà yìí wá bá wa kẹ́dùn. Ó jókòó lórí ẹní wa. Àbúrò mi dá a lóhùn bó ṣe ń dá gbogbo èèyàn lóhùn: "Kádàrá Ọlọ́hun ni. A ò bínú sẹ́nì kankan."

Ní kóòtù la tó mọ̀ pé òun ni lọ́yà dírẹ́bà. Ó nu awò ojú ẹ̀, ó kọjú sí àbúrò mi.

"Ìyá, ṣé ẹ wí i pé kádàrá ni?"

"Mo wí i, ṣùgbọ́n..."

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ ṣeun."

Wọ́n dá dírẹ́bà sílẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé ohun tí Mùsùlùmí ń wí níbi ọ̀fọ̀ nìyẹn? Mùsùlùmí ni lọ́yà yẹn náà! Inú ṣì ń bí mi.

Lẹ́yìn náà ló wá bá mi ní ìsọ̀ àgbàdo mi ní ọjà Ìpàtà.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Iṣẹ́ mi ni mo ṣe."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Ẹni tó gbẹ́ sàréè ọmọ náà, iṣẹ́ tiẹ̀ ló ṣe, ó sì ń sunkún bó ṣe ń gbẹ́ ẹ. Kúrò nísọ̀ mi."